Ẹnu Ọ̀nà Ìwé Kìn-ín-ní Ni Ká Ti Ka Ọjọ́ Orí Ọmọ

Kò sí òbí kan tí kì í fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ síwájú ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìfẹ́ yìí kò burú. Òun ni ó ń mú àgbẹ̀ ta kòkó rẹ̀, tí ó ń mú ìyàwó rẹ̀ jí lọ sí ọjà, kí owó ilé ìwé lè pé. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò bá ní ìmọ̀ nínú a máa ṣe ẹni tí a fẹ́ ní jàǹbá. Ní Iníṣà, bí ó ti rí ní Ìkirun, ní Òkukù àti ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ìfẹ́ yìí ti ń mú àwọn òbí kan fa ọmọ ọdún mẹ́rin wọ ìwé kìn-ín-ní, kí wọ́n sì tún mú un fo ìwé kẹfà kọjá, kí a bàa lè máa ròyìn pé ọmọ lágbájá wọ Yunifásítì ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú gbogbo sọ lónìí, nítorí pé ọmọ tí a bá sáré bí ẹni ń lé ẹran kì í dé ibi tí a ń lé e lọ ní àlàáfíà.

Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tahir Mamman, tí í ṣe Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, kéde pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ wọ Yunifásítì mọ́ ní Nàìjíríà. Ariwo ta. Àwọn kan ní ìjọba ṣe dáadáa. Àwọn mìíràn ní wọ́n fẹ́ fi okùn so ọmọ tí ó gbọ́n mọ́lẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Ààrẹ ti yọ Mínísítà náà nípò, Dókítà Tunji Alausa tí ó gba ipò rẹ̀ sì fagi lé àṣẹ náà ní oṣù Kọkànlá. Ọdún 16 ni a padà sí. Ọmọ tí kò bá tó bẹ́ẹ̀ ní láti fi hàn pé òun tayọ àwọn yòókù. Nínú ìdánwò JAMB ọdún 2025, àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò tó, tí wọ́n sì forúkọ sílẹ̀, lé ní ọ̀kẹ́ méjì, èyí nì ni 40,000. Àwọn tí ó dé ojú ìwọ̀n 320 nínú 400 tí àjọ náà béèrè lọ́wọ́ wọn kò tó 500.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣi iye yìí lò. Òṣùwọ̀n 320 ga púpọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò lè dé ibẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀rí pé àwọn ọmọ náà kò ní làákàyè. Ohun tí ó yẹ kí ó jẹ wá lógún ni iye àwọn tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò: ọmọ tí ó bá wọ ìwé kìn-ín-ní ní ọdún mẹ́fà yóò lo ọdún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yóò sì lo mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọdún 18 ni yóò pé. Ọmọ tí kò tíì pé 16 tí ó sì ti jókòó ìdánwò Yunifásítì ti jèrè ọdún méjì tàbí mẹ́ta níbì kan, ibẹ̀ náà kò sì ju méjì lọ: yálà ó tètè wọlé ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí ó fo kíláàsì. Àwọn ọmọ tí ó lé ní ọ̀kẹ́ méjì wọ̀nyí kò ṣàdédé bọ́ láti ojú ọ̀run wá. Ẹnu ọ̀nà ìwé kìn-ín-ní ni a ti ṣì wọ́n kà.

Nítorí náà, èrò tiwa ni pé ìjọba tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà Yunifásítì láti máa ka ọjọ́ orí dà bí baálé ilé tí ó jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́ tán lóko, tí ó wá ń ti ilẹ̀kùn àká. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí a bá fẹ́ ka ọjọ́ orí ọmọ, ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bá kọ́kọ́ fà á lọ́wọ́ wá sí ilé ìwé ni kí a kà á.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ìlẹ̀kùn ilé ìwé sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ọmọ. Olóyè S. O. Awókọ́yà, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ni ó ti gbé àbá náà ka iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní ọdún 1952. Ọmọ 456,600 ni ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954; ní 1955 wọ́n di 811,432. Kì í ṣe pé gbogbo ènìyàn fi ayọ̀ gba ètò náà. Wọ́n bu owó orí ṣílè mẹ́wàá ààbọ̀ lé olúkúlùkù fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, àwọn ènìyàn sì bínú tó bẹ́ẹ̀ tí Ẹgbẹ́ Alákùkọ fi borí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní Ìwọ̀ Oòrùn nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Síbẹ̀, nígbà tí ilé ìwé ṣí, ọmọ Alákùkọ àti ọmọ Ọlọ́pẹ jọ wọlé ni. Ọdún mẹ́fà ni ìjọba pè é pé kí ọmọ tó wọlé.

Ìṣòro tí ó kọ́kọ́ dìde ni pé ta ni ó mọ ọmọ ọdún mẹ́fà? Ìwé ẹ̀rí ìbí ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Ìyá ọmọ a ní ọdún tí ọba wàjà ni òun bí i, tàbí ọdún tí òjò wó ilé bàbá lágbájá. Nítorí náà ni àwọn olùkọ́ ṣe ń sọ fún ọmọ pé kí ó gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí àtàrí, kí ó fi kan etí òsì. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí, ó ti tó ilé ìwé. Bí kò bá kàn án, kí ó padà sí ilé di ọdún tí ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà kò ní gbàgbé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó fa ara rẹ̀ gùn títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń kígbe lóde pé kí ó na ọwọ́ sí i.

Ọgbọ́n díẹ̀ wà nínú òṣùwọ̀n yìí, a kò sì gbọdọ̀ fi rẹ́rìn-ín. Orí ọmọ kékeré tóbi ju apá rẹ̀ lọ. Bí ó ti ń dàgbà ni apá ń gùn, títí tí ọwọ́ fi lè yí orí ká ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà tàbí méje. Ṣùgbọ́n àléébù rẹ̀ pọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún tí apá rẹ̀ gùn nípa ìran yóò wọlé. Ọmọ ọdún méje tí kò rí oúnjẹ jẹ kánú, tí apá rẹ̀ kúrú, yóò padà sí ilé. Apá ni wọ́n ń wọ̀n, ọdún kọ́. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Wọn kò sọ pé ọjọ́ tí ọwọ́ bá tó pẹpẹ ni ọpọlọ tó ìwé.

Lónìí ńkọ́? Àwọn kan lára wa ti fi ẹnu rọ́pò ọwọ́. Ìyá a mú ọmọ ọdún mẹ́rin lọ sí ilé ìwé aládàáni. A ní kí ọmọ ka A, B, D. Ọmọ a kà á geerege, a tún ka oókan títí dé ọgọ́rùn-ún. Onílé ìwé a ní, “Ìyá, ọmọ yín ti kọjá jẹ́lé-ó-sinmi o, ẹ jẹ́ kí a gbé e sí ìwé kìn-ín-ní.” Ìyá a yọ̀, a fi ìdùnnú san owó. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ka oókan títí dé ọgọ́rùn-ún gẹ́gẹ́ bí orin lè má mọ̀ pé mẹ́jọ ju márùn-ún lọ. Agbára ìrántí ni a wọ̀n, bí a ti wọ apá nígbà kan. Bí ọmọ yóò ti lè jókòó pẹ́, bí yóò ti lè di lẹ́ẹ̀dì mú, bí yóò ti lè gbọ́ àlàyé olùkọ́ kí ó sì tẹ̀ lé e láìsunkún, ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí oṣù díẹ̀ lè ṣe nínú ayé ọmọdé. Ká sọ pé ọmọ mẹ́ta wọ ìwé kìn-ín-ní ní ọjọ́ kan náà ní oṣù Kẹsàn-án. Àjàní ti pé ọdún mẹ́fà láti oṣù Kẹwàá ọdún tí ó kọjá. Oṣù 83 ni ọjọ́ orí rẹ̀. Àyìnlá ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́fà ní oṣù Kẹjọ ni. Oṣù 73 ni tirẹ̀. Àbíkẹ́, tí àwọn òbí rẹ̀ kánjú mú wá, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì. Oṣù 50 péré ni ó ti lò láyé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí orí àga kan náà, wọ́n ń ka ìwé kan náà, wọn yóò sì ṣe ìdánwò kan náà. Ọjọ́ orí Àbíkẹ́ fi díẹ̀ lé ní ìdá mẹ́ta nínú ìdá márùn-ún ọjọ́ orí Àjàní. Bí a bá ní kí ọmọ ọdún méjìlá bá ọmọ ogún ọdún ja ẹkẹ, gbogbo ọjà Iníṣà ni yóò ké pé a fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹkẹ inú ìwé kì í mú ẹ̀jẹ̀ jáde, a ń jókòó wò ó, a tún ń fún ẹni tí ó ṣubú ní ipò ogójì.

Ọdún kan nínú ayé ọmọ ọdún mẹ́fà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà gbogbo ohun tí ó ti rí rí. Nínú ayé ọmọ ọdún méjìlá, ó di ìdá kan nínú méjìlá. Nígbà tí ó bá pé méjìdínlógún, ó di ìdá kan nínú méjìdínlógún. Ìdí nìyí tí ìyàtọ̀ ọjọ́ orí fi máa ń le koko ní ìwé kìn-ín-ní àti ìwé kejì, tí ó sì máa ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ ti ń gòkè.

Àwọn onímọ̀ ti fi ojú ìwádìí wo ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọdún 2006, àwọn obìnrin méjì kan, Kelly Bedard àti Elizabeth Dhuey, gba máàkì àwọn ọmọ ilé ìwé láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí ó ti gòkè àgbà jọ. Bí a bá to ọgọ́rùn-ún ọmọ sí orí ìlà gẹ́gẹ́ bí máàkì wọn, wọ́n rí i pé ní kíláàsì kẹrin, àwọn tí ó kéré jù nínú kíláàsì máa ń fi ipò mẹ́rin títí dé méjìlá rẹ̀yìn sí àwọn tí ó dàgbà jù. Ní kíláàsì kẹjọ, ó ti dín kù sí ipò méjì títí dé mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n kò tíì tán. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọmọ ti ń wọ ilé ìwé ní oṣù Kẹsàn-án tí ó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ó pé ọdún mẹ́rin, àwọn tí a bí ní oṣù Kẹjọ ni ó kéré jù nínú kíláàsì, àwọn ni wọ́n sì máa ń wà lẹ́yìn àwọn tí a bí ní oṣù Kẹsàn-án. Kì í ṣe pé Ọlọ́run kò fún ọmọ oṣù Kẹjọ ní ọpọlọ. Ọdún kan ni wọ́n fi jù wọ́n lọ.

A ó sọ òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé òtítọ́ kò ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ní orílẹ̀-èdè Norway, ìwádìí kan tí ó jáde ní 2011 fi hàn pé nígbà tí àwọn ọmọ bá ti di géńdé ọdún 18, ọjọ́ orí tí wọ́n fi wọ ilé ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ yí ọgbọ́n orí wọn padà mọ́. Ẹnìkan lè wá bi wá pé, bí ìyàtọ̀ náà bá ń parẹ́, kí ni ariwo tí a ń pa? Èsì wa ni pé máàkì a máa parẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ kì í parẹ́. Ọmọ tí a bá pè ní olódo ní ìwé kejì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí bàbá rẹ̀ nà nítorí ipò ogójì, yóò gba orúkọ náà gbọ́. Kí ọpọlọ rẹ̀ tó gbó tán, ọkàn rẹ̀ ti kú sí ìwé. Ní ilẹ̀ tí olùkọ́ bá ti ní àkókò fún olúkúlùkù ọmọ, ọgbẹ́ náà lè san. Ní kíláàsì tí ọmọ ọgọ́ta ti ń wo ẹnu olùkọ́ kan, ta ni yóò rántí pé oṣù 50 ni Àbíkẹ́ fi wọlé?

Àwọn kan yóò ní, “Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ dàgbà dáadáa kí a tó mú un wá, kí ó lè borí gbogbo wọn.” Èyí pẹ̀lú kò tọ̀nà. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, ọmọ tí ó dàgbà ju kíláàsì rẹ̀ lọ kì í sábà ṣe dáadáa nínú ìdánwò. Ìdí rẹ̀ ni pé àgbà inú kíláàsì kan kò jọ èkejì. Ọmọ tí ó fi oṣù mẹ́wàá ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nítorí oṣù tí a bí i ń jẹ èrè ọjọ́ orí. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ó wà ní ìwé kẹrin, òṣì, àìsàn, iṣẹ́ oko tàbí kíláàsì tí ó tún kà ni ó sábà máa ń dá a dúró. Nígbà tí ìjọba Ghana pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ jáde ní ìlú wọn, ọ̀pọ̀ ọmọ Iníṣà, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin ni ó bá òbí wọn di ẹrù padà wá sí ilé. Ọmọ tí ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá já lágbedeméjì báyìí kò jẹ̀bi ọjọ́ orí rẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ ni ó yẹ ẹ́, kì í ṣe pé kí a máa pè é ní bàbá kíláàsì. Ẹni tí ó bá sì dá ọmọ rẹ̀ dúró sí oko títí di ọdún mẹ́sàn-án kí ó lè gba ipò kìn-ín-ní, ọdún mẹ́ta ni ó jí nínú ayé ọmọ náà.

A mọ ohun tí ń lé àwọn òbí ní eré, a kò sì fi ojú àbùkù wò wọ́n. Èkíní ni pé ìyá tí ó ń lọ sí oko tàbí ọjà kò ní ẹni tí yóò fi ọmọ ọdún mẹ́rin tì. Ìdáhùn èyí ni jẹ́lé-ó-sinmi tòótọ́, níbi tí ọmọ yóò ti ṣeré, tí yóò ti gbọ́ àlọ́, tí yóò ti kọrin, tí yóò sì ti sùn ní ọ̀sán. Òfin ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa tí a tún ṣe ní 2013 ti fi ọdún kan irú rẹ̀ ṣíwájú ìwé kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n bí a bá kan gbé ìwé kìn-ín-ní sínú jẹ́lé-ó-sinmi tí a sì fi ẹgba sí i, a kò tíì ṣe nǹkan kan. Èkejì ni ẹ̀rù iṣẹ́: àwọn ilé iṣẹ́ a máa kọ̀wé pé àwọn kò gba ẹni tí ó ju ọdún mélòó kan lọ, ẹni tí ó bá sì ti kọjá ọgbọ̀n ọdún kó tó jáde kì í sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ mọ́. Ẹ tún jẹ́ ká ṣírò. Ọmọ tí ó wọlé ní mẹ́fà yóò wọ Yunifásítì ní 18, yóò jáde ní 22 bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá jẹ́ ọlọ́dún mẹ́rin, yóò sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán ní 23. Bí ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn olùkọ́ Yunifásítì, irú èyí tí ó gba oṣù mẹ́jọ ní 2022, bá tilẹ̀ jẹ odindi ọdún méjì lára rẹ̀, 25 ni. Níbo wá ni iná ti jó dé orí òrùlé tí a fi ń sáré?

Ohun kan tún wà tí ó ń fi kún ẹrù ọmọ kékeré, òun ni èdè. A fi Yorùbá bí ọmọ, a fi Yorùbá tọ́ ọ, ní ọjọ́ tí ó wọ ìwé kìn-ín-ní ní ilé ìwé aládàáni a ní kí ó má sọ ọ́ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè fi ìrora gbé ẹrù méjì yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rin a dùbúlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ‘A’ ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lára wọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀nà tí a gbà kọ́ ọmọ ṣe pàtàkì bí ọjọ́ orí tí a fi mú un wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí, ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá tún ilé ìwé tò gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí ọmọ: ọdún mẹ́fà títí dé mẹ́sàn-án sí ọ̀nà kan, mẹ́wàá títí dé mẹ́rìnlá sí òmíràn, àwọn tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ẹ̀kẹta. Ó tún ń bọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé ìwé. Ní ọdún 2020, ìjọba Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá, tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan náà, dá ètò náà padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. A kò ní dá ẹjọ́ ẹni tí ó tọ́ àti ẹni tí kò tọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wọ ìwé kìn-ín-ní ní 2012 rí ètò méjì kí ó tó jáde girama. Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ ṣe ìdíje, ẹ fi iye olùkọ́, iye àga àti iye ìwé ṣe é. Ẹ má fi ọjọ́ orí ọmọ ṣe ayò. Nígbà tí ìjọba Olóyè Bọ́lá Ìgè tún sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ní 1979, tí Iníṣà wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ọmọ àwọn tí kò dìbò fún un pẹ̀lú jẹ nínú rẹ̀.

Kí ni kí a ṣe? Lójú tiwa, nǹkan mẹ́rin ni.

Èkíní, kí òbí forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àjọ ètò ìkànìyàn ní kété tí a bá ti bí i, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Láti ọdún 1992 ni òfin ti pa á láṣẹ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Kí òbí má sì ṣe bu ọdún kún un tàbí kí ó yọ ọdún kúrò. Irọ́ ọjọ́ orí ti di bárakú fún wa tó bẹ́ẹ̀ tí FIFA fi ń ya àwòrán egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ agbábọ́ọ̀lù láti mọ ẹni tí kò tíì kọjá ọdún 17. Ìdíje tí a gbà ní ilẹ̀ wa ní 2009 gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Èkejì, kí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn àti níbi gbogbo rí i pé ilé ìwé ìjọba àti ti aládàáni kò gba ọmọ sí ìwé kìn-ín-ní bí kò bá pé ọdún mẹ́fà, kò sì gbọdọ̀ sí ọmọ tí yóò fo ìwé kẹfà. Bí òfin bá mú ilé ìwé ìjọba nìkan, àwọn olówó yóò máa fò ó kọjá, mẹ̀kúnnù nìkan ni yóò kù nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ṣí ìwé orúkọ kíláàsì yín. Ẹ kọ ọjọ́ orí ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, kì í ṣe ní ọdún, ní oṣù ni kí ẹ kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn mẹ́wàá tí ó wà ní ìsàlẹ̀ nínú ìdánwò. Ẹ ó rí i bóyá àwọn tí ẹ ń pè ní olódo kì í ṣe àwọn tí ó kéré jù. Iṣẹ́ yìí kò gbà ju wákàtí kan lọ, kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí ọmọ là kúrò lọ́wọ́ ìtìjú. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ pe àwọn òbí, kí ẹ ṣàlàyé fún wọn. Ẹ dín ariwo ipò kù ní ìwé kìn-ín-ní àti ìwé kejì. Kí ìwé àbájáde sọ ohun tí ọmọ mọ̀ àti ohun tí kò tíì mọ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ìjọba fi àwọn olùkọ́ tí ó dáńtọ́ jù lọ sí ìwé kìn-ín-ní. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Banjo yẹ ètò ẹ̀kọ́ Ìwọ̀ Oòrùn wò ní 1960 sí 1961, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn olùkọ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ pọ̀ jù. Ìpìlẹ̀ ni olùkọ́ ìwé kìn-ín-ní ń fi lélẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, a kì í gbé ìpìlẹ̀ fún un.

Àgbẹ̀ ni wá ní agbègbè Iníṣà, ọ̀rọ̀ oko kò sì ṣàjèjì sí wa. Ẹni tí ó bá wa iṣu kí ó tó gbó yóò bá omi nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ pẹ́ jù nínú ebè yóò bá ìdin níbẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó mọṣẹ́ a máa wo ewé, a máa ka oṣù, a sì máa dúró de àkókò. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ kórìíra iṣu. Ẹ̀yin òbí, ọmọ yín sàn ju iṣu lọ. Ẹ ka oṣù rẹ̀ kí ẹ tó fi lé olùkọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ka oṣù rẹ̀ kí ẹ tó fún un ní ipò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣèjọba, ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà Yunifásítì, ẹ wá dúró sí ẹnu ọ̀nà ìwé kìn-ín-ní, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti ń ṣe ọmọ lóore tàbí ní ibi.